Àlejò Láti Ilẹ̀ Iyùn

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ò rìn jìnnà o. Bódìjà ni mo jókòó sí jẹ́ẹ́jẹ́ mi, nílé bàbá mi, tí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, tó gbé àpótí aṣọ kan lọ́wọ́, tó sì ń béèrè bóyá ibí ni wọ́n ti ní yàrá fún àlejò.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà ìjọba ológun, tí epo bẹntiróòlù ọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń sun ilé epo mọ́jú. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú ló pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá kọ́ nípa iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kókò. Ibùgbé wọn kún, wọ́n sì ń wá ilé tí wọ́n lè fi àwọn kan wọ̀ sí láàárín ìlú. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ní yàrá ẹ̀yìn wa ṣófo. Bàbá mi ní àwọn ò fẹ́ àlejò kankan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àlejò dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nílé wa nìyẹn.

Ọkùnrin náà síngbọnlẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n díẹ̀, irun rẹ̀ dúdú, ó sì lọ́. Ẹgbẹ́ mi ni, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní Tùfálù ni òun ti wá. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbówó, mo sì gbà pé bí ìlú kan bá wà láyé tí mi ò mọ̀, ìlú náà ló yẹ kí ojú tì. Mo gbé máàpù ayé tí mo fi ń kọ́ni jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, mo wá Tùfálù títí. Inú òkun Pàsífíìkì ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká ti rí i gan-an, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà orúkọ òkun náà ni wọ́n tẹ̀ lé e lórí. Àlejò wa tẹ orí ba, ó fi ìka tọ́ àárín lẹ́tà yẹn, ó ní, "Ibí ni ilé ìyá mi."

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Kò sí òkè kan ní gbogbo Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ tí wọn ò tíì gbé ẹ̀rọ wọn gùn. Wọ́n pe àlejò jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lédè òyìnbó, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ra ilẹ̀ náà.

"Òkè mélòó ló wà nílùú yín?"

"Kò sí òkè, Bàbá."

"Kékeré ńkọ́?"

"Kò sí. Bí mo bá gun òrùlé ilé yìí, mo ti ga ju ibi tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa."

"Odò ńkọ́?"

"Kò sí odò."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Òkun, Bàbá. Òkun níwájú, òkun lẹ́yìn. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró sójú ọ̀nà, á máa gbọ́ ìgbì òkun létí ọ̀tún àti létí òsì."

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. "Ọmọ yìí ń parọ́," wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò. "Níbo ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ á wá dúró sí?"

Kò parọ́. Èmi fúnra mi lọ yẹ ìwé wò ní ilé ìkàwé, mo sì bá a níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó ṣe mí ní nǹkan ni àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí a ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi wọ aṣọ òkè, wọ́n fi iyùn sọ́rùn, iyùn tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Àlejò wa wò ó, ó tún wò ó, ó wá ní, "Màmá, irú ohun tó wà lọ́rùn yín yẹn ni ilẹ̀ wa."

Ìyá mi ní kí ló wí.

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ní ayé àtijọ́, òkè oníná wà láàárín òkun níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi wá ń kọ́ ilé wọn yí òkè náà ká, bí èyí bá kú, òmíràn á kọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Nígbà tó yá, òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹ̀dá náà kò sì dáwọ́ dúró. Òkè rì tán pátápátá. Òrùka tí wọ́n mọ yí i ká nìkan ló kù lójú omi, ọ̀sà sì wà láàárín rẹ̀. Orí òrùka yẹn ni wọ́n ń gbé. Iyùn ni gbogbo rẹ̀, àfi pé tiwọn funfun ni, kò pupa bíi ti ìyá mi.

Ẹnu mi kò lè pa dé. Lọ́dọ̀ wa, ọba ló ń fi iyùn sọ́rùn, ọmọ kì í sì í fi ogún iyùn ṣeré. Àwọn kan wá wà láyé tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, tí àgbọn wọn ń hù lórí rẹ̀, tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú rẹ̀ láti gbin kókò! Ó ní òjò tó bá rọ̀ máa ń wọ inú ilẹ̀ lọ, á léfòó sórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ kòtò títí wọ́n á fi kan omi dídùn yẹn, wọ́n á da ewé jíjẹrà sí i, wọ́n á gbin kókò ńláńlá. Kòtò kókò ni ogún wọn. Kókò, tó jẹ́ pé nílé wa, ìgbà tí iṣu bá wọ́n la máa ń rántí rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ kan iyùn ọrùn wọn títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di ẹni tó ń sáré wálé lẹ́yìn iṣẹ́. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ìtumọ̀ Tùfálù ni mẹ́jọ tó dúró papọ̀. Erékùṣù mẹ́sàn-án ló wà, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni èèyàn ń gbé látijọ́. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni àwọn baba ńlá wọn gbé débẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bí kùrukùru bá sì bo ìràwọ̀, ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ á dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, á fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ìgbì ti ń bọ̀. Bàbá mi, ẹni tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, dìde wọ yàrá lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni mo yọjú sí yàrá wọn, mo bá wọn tí wọ́n nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n dijú. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìtàn kan wà tí kò dùn. Ó ní nígbà ayé àwọn baba bàbá òun, àwọn ọkọ̀ òyìnbó kan wá láti ilẹ̀ Pérù. Wọ́n dé erékùṣù kékeré kan nínú wọn, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó sì ń wù wọ́n láti gbọ́ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n wọ ọkọ̀, àwọn fẹ́ mú wọn lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ wọn ní Bíbélì dáadáa. Tọkùnrin tobìnrin wọn sáré wọnú ọkọ̀. Oko ẹrú ni wọ́n kó wọn lọ, wọn ò sì padà mọ́. Àwọn tó kù nílé kò pọ̀ tó láti gbé òkú ara wọn.

Ìyá mi sunkún. Bàbá mi ní, "Àwọn yìí náà!" Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò lè máa bú òyìnbó nìkan, nítorí ogun tiwa náà kó èèyàn tà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí ayé pin sí, ibi tí máàpù mi kò tilẹ̀ rí àyè fún, irú ọ̀fọ̀ kan náà ti ṣẹ̀ wọ́n níbẹ̀.

Mo mú un lọ sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kan. Ó fi ẹfun ya òrùka sójú pátákó, ó ní ìlú òun nìyẹn. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè ibi tí wọ́n máa ń sá sí tí ìjì bá dé. Ó ní kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìjì kan jà, òkun sì dìde bí ògiri, ó gba orí ilẹ̀ kọjá. Ìyá òun fa òun mọ́ àyà, ó fi okùn so àwọn méjèèjì mọ́ ìdí igi àgbọn, ó ń kọ orin ìsìn sí òun létí kí òun má baà gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ti lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ, ṣùgbọ́n òkìtì iyùn tuntun gùn lọ ní etí òkun, tí ìjì náà hú jáde láti ìsàlẹ̀ omi. Ìjì tó wó ilé wọn ló tún bù kún ilẹ̀ wọn.

Gbogbo ìgbà ló ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí ìyá náà bí. Ara ìyá kò yá nígbà tí ọmọ ń bọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ti gbé e lọ sí erékùṣù tí ilé ìwòsàn wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni kí òun bá ìyá òun láyé, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí òun lè dágbére fún un. Ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nọ́ńbà tẹlifóònù ilé wa. Ó tún máa ń fi aago wa ṣírò ti ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní bí a bá ti ń jẹun alẹ́ ní Bódìjà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bàbá mi fi í ṣeré títí: "Pè wọ́n, jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa wò ó bóyá epo máa wà lọ́la." Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, níbi adágún omi ńlá tí ìjọba sé, láti bá àwọn apẹja jókòó. Ó ní bí òun kò bá rí omi tó fẹ̀, àyà òun máa ń há. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, kò tíì dé, tẹlifóònù dún. Ìyá mi ló gbé e. Ohùn náà jìn, ó ń ṣe gbàà gbàà bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ní ìyá àwọn ti kú. Ó ní ọ̀sán Sọ́ńdè ni àwọn á sin ín, kò sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ fún àbúrò òun kó pe àwọn kí àwọn tó sin ìyá, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á fi ẹnìkan tì í. Òun nìkan ni ọmọkùnrin. Ó yẹ kó dágbére.

Ìyá mi gbé tẹlifóònù sílẹ̀, wọ́n jókòó. Bàbá mi jáde sí pálọ̀, èmi náà gbé ìwé àwọn ọmọ tí mò ń máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un tó bá ti wọlé," mo ní.

"Kí lo wí?" Ìyá mi wò mí bí ẹni tí kò kọ́ mi nílé. "Ọmọ ọlọ́mọ, ní òkèèrè, kó wọlé kó gbọ́ lórí ìdúró pé ìyá òun kú? Láìjẹun? Láìsí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹran ni?"

"Bó ṣe yẹ ká ṣe é la máa ṣe é," bàbá mi ní. "Ọ̀la la máa túfọ̀ fún un, lẹ́yìn ìsìn. Màá ní kí pásítọ̀ tẹ̀ lé wa wálé. Ọ̀sán ni wọ́n ní àwọn á sin ín, epo díẹ̀ ṣì wà nínú mọ́tò, a ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀, á sì bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n."

Kò sí ẹni tó lè bá ọ̀rọ̀ yẹn jà. Bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A kì í ju ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọ bí òkò. Nígbà tí àlejò wa dé, ìyá mi ti gúnyán, wọ́n gbé orí ẹja tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀, wọ́n dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ń ṣàwàdà pé àwọn apẹja Ẹlẹ́yẹlé kò gbà pé òun mọ ọkọ̀ tù. A bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi orin sẹ́nu lọ sí yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ wá pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì. Àlejò wa rí gbogbo wọn nínú pálọ̀, ó rò pé àwọn àlejò mìíràn la ní, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Bàbá mi ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, wọ́n ní ìyá tó bá rí ọmọ sin ín ló bímọ. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ó di ọwọ́ àga mú.

"Ìyá mi ni?"

"Wọ́n ti lọ sinmi, ọmọ mi," bàbá mi ní.

Kò sunkún. Ó ní, "Ta ló pè?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Nígbà wo?"

"Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n má mikàn, ọ̀sán òní ni wọ́n ní àwọn máa sin ín. Wọ́n ní kí o pè kí wọ́n tó sin ín. Mọ́tò ti wà nílẹ̀, ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

Ó wo aago ara ògiri wa. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni. Ó wò ó pẹ́.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé lójú oorun, "òru ni lọ́dọ̀ wa báyìí. Ọ̀sán Sọ́ńdè ti kọjá níbẹ̀."

Mi ò gbàgbé bí pálọ̀ wa ṣe rí nígbà yẹn. Bàbá mi, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn wọn ilẹ̀, dìde lọ wo aago ògiri náà nítòsí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú dé, ọ̀sán tiwa ni a rò, oòrùn tiwa ni a wò, bí ẹni pé kò sí òmíràn. Nígbà tí a ń sùn ní Bódìjà ni wọ́n ń gbé ìyá rẹ̀ wọnú ilẹ̀ iyùn, tí ẹnìkan dúró ti tẹlifóònù tí kò dún. Ẹ̀rù ayé bà mí, bó ṣe fẹ̀ tó. Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ayé rí roboto, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá mi dìde, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, níwájú ẹni tí wọ́n lè bí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dárí jì mí." Kíá ló bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ orí ba títí orí rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju tìyá mi lọ. Níbẹ̀ ló ti wá sunkún. Ìyá mi gbá a mọ́ra, pásítọ̀ ń gbàdúrà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ṣírò pé ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn, bàbá mi fi epo tó kù gbé wa lọ sí Dùgbẹ̀. A jókòó pẹ́ kí wọ́n tó bá a mú ìlà náà. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó fi ọwọ́ bo etí kejì. Nígbà kan, ó yíjú wo ìyá mi, ó sọ nǹkan kúkúrú, ó tún yíjú padà.

A ti kúrò ní Mọ́kọ́lá kí bàbá mi tó lè béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ó béèrè ìgbà tí mo gbọ́. Mo sọ fún un pé lójú ẹsẹ̀ tó pè lẹ sọ fún mi, pé ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà ni kò dára."

Bàbá mi ní, "O ṣeun."

Àlejò wa ń wo ìta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbogbo èèyàn mi ló ti mọ̀ lánàá pé ìyá mi ti kú. Èmi nìkan ni ìyá mi ṣì wà láàyè fún. Mo jẹun, mo kọrin, mo sùn bí ọmọ tó ní ìyá." Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ẹjọ́ ló ń bá wa rò tàbí ọpẹ́ ló ń dú. Ìyá mi, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú mi, na ọwọ́ síwájú, wọ́n gbé e lé èjìká rẹ̀, wọn kò sì gbé e kúrò títí a fi dé ilé.